Láti Orí Wéré Sààrì Dé Inú Fóònù: Bí Etí Wa Ṣe Yí Padà

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àgbà àti ọ̀dọ́ nínú ilé Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá. Àgbà á ní orin ayé òde òní kì í ṣe orin, ariwo ọjà ni. Ọ̀dọ́ á ní orin àtijọ́ ń falẹ̀ jù, pé kí olórin tó kí àwọn tó fẹ́ kí tán, oorun á ti gbé òun lọ. Àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí a jókòó sídìí wàláà, tí a sì tún jókòó ní kíláàsì àwọn òyìnbó, a ti gbọ́ ẹjọ́ yìí lọ́tùn-ún lósì. Ohun tí a rí nínú rẹ̀ ni pé kì í ṣe orin ló kọ́kọ́ yí padà. Bí a ṣe ń gbọ́ ọ ló yí, orin sì tẹ̀ lé e.

Kì í ṣe àwa ni a máa kọ́kọ́ ro irú èyí. Imam al-Ghazālī, tó kú ní 1111, ya odidi ìwé kan sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ gbígbọ́ orin nínú iṣẹ́ ńlá rẹ̀, Ihyā' 'Ulūm ad-Dīn. Lára ohun tó tẹnu mọ́ níbẹ̀ ni pé kí ẹni tó fẹ́ gbọ́ orin wo àsìkò, kí ó wo ibi tó wà, kí ó sì wo àwọn tó bá a jókòó. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ orin àti ìlù kò rí bákan náà lójú gbogbo àáfà. Àwọn kan gbé ẹsẹ̀ kẹfà nínú Súrà Luqmān lé e lórí, wọ́n ní kò tọ́ rárá. Àwọn mìíràn fàyè gba ìlù lọ́jọ́ ìyàwó àti lọ́jọ́ ọdún, wọ́n sì ní ohun tí orin bá ń sọ ni kí a wò. A kò jókòó láti dá ẹjọ́ yẹn lónìí. Ó ní àwọn tí Ọlọ́hun fún ní ìmọ̀ rẹ̀. Ìtàn ni a fẹ́ sọ, ohun mẹ́ta tí al-Ghazālī ní kí a wò yẹn ni a ó sì máa fi wò ó: ìgbà wo ni à ń gbọ́ ọ, níbo, àti pẹ̀lú ta ni?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí sààrì. Nígbà tí aago kò tíì wọ gbogbo yàrá, tí iná mànàmáná kò sì kárí, ta ni yóò jí obìnrin tó fẹ́ dáná sààrì ní aago mẹ́ta òru? Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ni. Wọn á kó ara wọn jọ, mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, pẹ̀lú sákárà, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti agolo fún ẹni tí kò rí ìlù lù. Wọn á máa ti ojúlé dé ojúlé, wọn á máa kọrin. Ní Ìbàdàn àti ní Èkó, wéré ni wọ́n ń pe orin yìí. Àwọn mìíràn ń pè é ní ajísààrì. Bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà ilé kan, wọn á dárúkọ baálé, wọn á kì í, wọn á bèèrè ìyàwó rẹ̀, wọn á sì ṣe é ládùúà. Baálé tó bá mọyì ara rẹ̀ á ju owó sílẹ̀ láti ojú fèrèsé. Èyí tó bá háwọ́, ẹ̀fẹ̀ tí wọn yóò fi í ṣe lálẹ́ ọjọ́ kejì, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́.

Ẹni tó bá fetí sí ohùn wéré dáadáa yóò mọ ibi tó ti wá. Ohùn gígùn tí wọ́n ń fà, tó ń gbọ̀n, tó ń gùn tó ń sọ̀, ohùn ilé kéwú ni, ohùn ìpè ìrun ni. Àwọn ọmọ tó ń fi ọ̀sán ka kéwú ni wọ́n ń fi òru kọ wéré. Kò pẹ́ tí ìdíje fi wọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ wéré àdúgbò yìí á fẹ́ borí ti àdúgbò tọ̀hún, wọn á sì gbé ife ẹ̀yẹ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ kí ọ̀dọ́ òní kíyè sí nípa wéré ni pé ẹnikẹ́ni kò yàn án fún ara rẹ̀. Ẹ kò lè pa á. Ẹ kò lè fò ó kọjá sí èyí tó wù yín. Ó ní àsìkò tirẹ̀ láàárín ọdún, òru Ràmàdáànì. Ó ní ibi tirẹ̀, òpópónà àdúgbò. Gbogbo ilé tó wà lójú ọ̀nà ló sì jọ ń gbọ́ ọ, àti Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í gbààwẹ̀.

Kí wéré tó di ohun tí a mọ̀ ọ́n sí lẹ́yìnwá, àwo ti ń kọrin nínú ilé àwọn bàbá wa. Ní 1922 ni ilé iṣẹ́ Zonophone gba ohùn Rẹ́fúrẹ́ǹdì J. J. Ransome-Kuti, bàbá àgbà Fẹlá, sínú àwo ní London, orin ìjọ ní èdè Yorùbá. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí ohùn àwọn Mùsùlùmí náà fi wọ àwo. Àbíbù Olúwà ọmọ Èkó, àgbà nínú àwọn onísákárà, wà lára àwọn tí ilé iṣẹ́ Odeon ti ilẹ̀ Jámánì gba ohùn wọn. Lábẹ́ rẹ̀ ni Yúsúfù Ọlátúnjí ti ṣe ọmọ ẹ̀yìn kí ó tó dá dúró, kí àwọn ará Abẹ́òkúta tó máa pè é ní Bàbá l'Ẹ́gbàá. Gòjé ń sunkún, ìlù sákárà ń dáhùn, ohùn àgbàlagbà ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láàárín wọn. Yúsúfù kú ní 1978, ṣùgbọ́n títí di òní, bí ẹ bá lọ sí òde ìnáwó àwọn àgbà ní Abẹ́òkúta, ẹ ó gbọ́ ọ.

Àwo ìgbà náà kò gbà ju orin ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ ní ojú kan. Ẹ rò ó wò: olórin tó lè fi odidi òru kí ọlọ́jà kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí ó kí i tán ní ìṣẹ́jú mẹ́ta! Ó di dandan kí ó ṣa ọ̀rọ̀ ṣà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ inú àwọn àwo àtijọ́ wọ̀nyẹn fi ki bí ògì tí a kò bu omi là. Ẹ̀rọ gíràmafóònù tó ń gbé e kò lo iná. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá a bí ẹni ń wá aago, bí agbára rẹ̀ bá sì ń lọ sílẹ̀, ohùn olórin á máa falẹ̀, á máa jinlẹ̀, títí ọmọdé kan á fi sáré lọ wá a padà.

Ìtàn Hárúnà Ìṣọ̀lá ará Ìjẹ̀bú-Igbó jẹ́ ká mọ ohun tí àwo jẹ́ fún àwọn èèyàn ìgbà náà. Ní 1948 ó ṣe àwo àpàlà kan fún Ọba Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo náà kò tà. Lẹ́yìn tí ọba wàjà, ó tún orin náà kọ, ó gbé e jáde ní 1955, ìgbà yẹn gan-an ni orúkọ Hárúnà wá gba ìgboro. Ọba kan náà ni, olórin kan náà ni. Nígbà tí ọba wà láyé, àwọn èèyàn rẹ̀ ń rí i lójúkojú; nígbà tí kò sí mọ́, inú àwo ni wọ́n ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹni tó lówó ti mọ̀ pé bí olórin bá dárúkọ òun sínú àwo, orúkọ náà yóò pẹ́ ju òun lọ.

Àwọn tí apá wọn kò ká gíràmafóònù ní ohun mìíràn. Ní 1935 ni ìjọba gbé rédífúṣọ̀n dé Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1939. Àpótí kékeré kan ni wọ́n kàn mọ́ ara ògiri, wáyà ló gbé ohùn wá sínú rẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba sì ń gba owó oṣooṣù lórí rẹ̀. Àwọn bàbá wa sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì, torí pé ó ń sọ̀rọ̀ fúnni, a kò lè fún un lésì. Ohun kan ṣoṣo tí onílé lè ṣe sí i ni kí ó gbé ohùn rẹ̀ sókè tàbí kí ó gbé e wálẹ̀. Ibùdó kan náà ni gbogbo ilé ń gbọ́. Àwọn tó dàgbà jù wá lọ ń sọ fún wa pé bí orin kan bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí o wà lórí ìrìn, o lè rìn láti orí àdúgbò dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí o má pàdánù ọ̀rọ̀ kan, ilé tí o bá fi sílẹ̀ á fà ọ́ lé ilé iwájú lọ́wọ́.

Àwa kò bá ìyẹn. Elépè ni àwa bá, àwo ńlá tó ń gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ní ojú kan. Àpótí onígi tó ń gbé e ní ìdérí, ìdérí náà ní kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpò agbádá bàbá. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni wọ́n máa ń ṣí i. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá á jókòó sórí àga, àwa ọmọ á tò sẹ́nu ọ̀nà bí ẹyẹ tó bà sórí wáyà, àwọn ìyá á wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, wọ́n á máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Bí àáfà àgbà bá yà sílé láìròtẹ́lẹ̀, ẹnì kan á gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo kíá, wọn á kí i, wọn á ṣàdúà, wọn á mu omi. Bí ó bá lọ tán, wọn á gbé abẹ́rẹ́ padà sí ibi tó wà gẹ́lẹ́. A kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ló dára tó. Bí ó ṣe rí ni a ń sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú ìjókòó yẹn. Bí ìlù bá dá sọ̀rọ̀, bàbá arúgbó kan á gbọ́wọ́ sókè, gbogbo ilé á dákẹ́. Á ní, “Ẹ gbọ́ ohun tó wí?” Á wá tú u fún wa: òwe nìyí, oríkì ìdílé báyìí nìyí, èébú nìyí tí a kò gbọdọ̀ tú síwájú ọmọdé. Orí àga bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́ Yorùbá tí ilé ẹ̀kọ́ kò kọ́ wa. Àwo tún jẹ́ ìwé ìròyìn fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Nígbà tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní oṣù Kejì 1976, ọmọdébìnrin kan, Sàláwà Àbẹ̀ní, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ṣe àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí ikú náà lọ́dún yẹn kan náà. Wákà ni orin rẹ̀, orin tí àwọn obìnrin wa ti ń kọ tipẹ́tipẹ́ láti fi pàdé ẹni tó ti Mẹ́kà bọ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì ti èdè Hausa wá. Bátílì Àlàkẹ́, ará Ìjẹ̀bú-Igbó bíi ti Hárúnà, ló ti kọ́kọ́ gbé wákà wọ inú àwo. Ní 1992 Aláàfin Làmídì Adéyẹmí fi Sàláwà jẹ Ayaba Wákà. Láti ẹnu ọ̀nà alálájì dé ààfin Ọ̀yọ́: ọ̀nà náà jìn!

Láàárín àkókò yìí ni wéré kúrò ní òru Ràmàdáànì. Síkírù Àyìndé, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bárísítà, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní 1948, tó sì dàgbà ní Èkó, ti ń kọ wéré láti ọmọdé. Ó wọ iṣẹ́ ológun nígbà ogun abẹ́lé. Nígbà tó padà sídìí orin, ó bu àpàlà mọ́ ọn, ó bu sákárà mọ́ ọn, ó sọ ọ́ ní fújì. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé orí àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan, tí òun rí ní pápákọ̀ òfuurufú, ni òun ti mú orúkọ náà. Àyìnlá Kollington náà ti inú wéré àti inú iṣẹ́ ológun bọ̀. Ní àwọn ọdún 1980, ilé kan náà lè pín sí méjì, àwọn ti Bárísítà ní yàrá kan, àwọn ti Kollington ní èkejì, tí wọn kò sì ní fẹ́ jẹun nínú àwo kan náà fún ọjọ́ mélòó kan. Wàsíù Àyìndé, ọmọ ẹ̀yìn Bárísítà, gbé Talazo tirẹ̀ dé ní 1984. Dáúdà Epo Àkàrà mú awúrebe tirẹ̀ dání ní Ìbàdàn.

Kíyè sí ohun tó yí padà. Hárúnà jókòó kọrin ni, àwọn onílù rẹ̀ yí i ká, àwọn tó wá gbọ́ ọ náà jókòó. Oníṣẹ́ fújì dìde dúró, ìlù rẹ̀ pọ̀ bí ọmọ ogun, àwọn tó wá gbọ́ ọ náà kò lè jókòó mọ́. Ohun tó ń jí aláàwẹ̀ ní òru wá di ohun tí kì í jẹ́ kí ẹni tí kò gbààwẹ̀ sùn. Àwọn àgbà kan bínú sí i nígbà yẹn bí àwa náà ṣe ń bínú lónìí. Nígbà tí Àyìnlá Ọmọwúrà kú níbi ìjà kan ní Abẹ́òkúta ní oṣù Karùn-ún 1980, tí Hárúnà náà tẹ̀ lé e ní 1983, ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa ti àpótí wọn pa, wọ́n ní orin ti tán láyé.

Orin kò tán. Kásẹ́ẹ̀tì ló dé. Ilé iṣẹ́ Philips ti gbé e jáde ní ilẹ̀ Yúróòpù láti 1963, ṣùgbọ́n ìparí àwọn ọdún 1970 ló tó kún ìgboro wa. Àwọn alálájì ń gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ láti Jídà, àwọn oníṣòwò ń kó o wọlé. Bí ẹ bá bi wá léèrè, nínú gbogbo ohun tí a ti fi gbọ́ orin, kásẹ́ẹ̀tì ni a fẹ́ràn jù, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Àkọ́kọ́, ó gba kéwú. Láti orí kásẹ́ẹ̀tì ni àwa ọmọ ilé kéwú ti gbọ́ Shaykh Mahmūd Khalīl al-Husarī, ẹni tó kọ́kọ́ ka odidi Al-Kùránì sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ní Íjíbítì ní 1961, àti Shaykh 'Abdul-Bāsit 'Abdus-Samad tí èémí rẹ̀ kì í tán. Àwa ọmọdé á di imú wa, a ó máa díje ta ni yóò ka āyà gígùn láìmí bíi tirẹ̀. Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn méjèèjì. Àwọn ọ̀gá wa tó mọ nǹkan nípa Káírò tún máa ń sọ̀rọ̀ Umm Kulthūm, ọmọ lẹ́mọ́mù abúlé kan, tó kọ́ ohùn láti inú Al-Kùránì kí ó tó di olórin. Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ oṣù ni rédíò Íjíbítì máa ń gbé ohùn rẹ̀, ọjà á tú, ilé kọfí á kún. Àwọn Lárúbáwá náà mọ ohun tí ìjókòó jẹ́. Nígbà tí obìnrin náà kú ní 1975, òkun èèyàn ló sin òkú rẹ̀. A mú un wá síbí torí pé ọ̀nà kan náà ni tirẹ̀ àti ti àwọn oníwéré wa: wàláà ló kọ́kọ́ tún ohùn wọn ṣe.

Èkejì, kásẹ́ẹ̀tì bọ́ sọ́wọ́ àwọn obìnrin. Kọ́kọ́rọ́ àpótí kò sí nínú àpò agbádá mọ́. Ìyá tó ń dín àkàrà lè gbé rédíò kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, kí ó fi Bátílì sí i, kí ó yọ ọ́, kí ó fi wáàsí sí i. Wọ́n ń gba wòlímọ́tì sórí rẹ̀, ọjọ́ tí ọmọ parí Al-Kùránì, pẹ̀lú ariwo agbada ìrẹsì àti ẹkún ọmọ ọwọ́ nínú rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń tà. Àpótí aṣọ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gba nǹkan mìíràn lé tirẹ̀ lórí á ṣẹ́ etí rẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó bá yí ọkàn padà á ki bébà bọ ihò náà. Báírò la fi ń yí i padà kí a má baà jẹ bátìrì, bí bátìrì bá sì ti rẹ̀, a ó sá a sóòrùn bí ẹ̀lúbọ́.

Ẹ̀gbin rẹ̀ náà wà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ méjì lè da orin olórin kọ lẹ́bàá títì kí oòrùn ọjọ́ tó gbé e jáde tó wọ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà jáde ní 1988, àwọn tó ń dà á kọ kò sì dúró. Náírà tó ti ń já bọ́ láti 1986 sọ ohun èlò elépè di ọ̀wọ́n gógó, àwo náà sì rọra kúrò lọ́jà ní àwọn ọdún 1990. Hárúnà ti kọ́ ilé iṣẹ́ agbohùnsílẹ̀ ńlá sí Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1979, nígbà tí olórin ṣì lè fi owó orin kọ́lé orin. Ta ló tún lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Sídì dé, fídíò tẹ̀ lé e, etí di ojú. Àwọn èèyàn kò wí mọ́ pé àwọn gbọ́ àwo lágbájá, wọ́n ní àwọn wò ó. A kò ní pẹ́ lórí ìyẹn, torí pé òun náà kò pẹ́ lórí wa.

Ní 2001 ni fóònù alágbèéká tí gbogbo èèyàn lè rà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Kò tó ọdún mẹ́wàá tí mẹ́mórì kékeré bí èékánná fi ń gbé gbogbo iṣẹ́ Bárísítà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìgbà tó kú ní 2010. Kò sí ẹni tó lè sọ pé àǹfààní kò sí níbẹ̀. Àwo sákárà tí àwa wá fún ogún ọdún tí a kò rí, ọmọ kíláàsì wa kan fi ìka tẹ̀ ẹ́ jáde lórí YouTube kí a tó pe orúkọ olórin tán. Àwọn ọmọbìnrin wa ń gbọ́ orin ẹ̀sìn níbẹ̀, ti Rùkáyàt Gáwàt tó di olóògbé ní 2024 àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí Ọlọ́hun forí jì í.

Ṣùgbọ́n ẹ padà sí ohun mẹ́ta ti al-Ghazālī. Àsìkò ńkọ́? Fóònù kò ní àsìkò. Orin wà lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà, nítorí náà kò sí ìgbà tí à ń retí rẹ̀. Ibi ńkọ́? Inú ihò etí ni, níbi tí ẹlòmíràn kò lè dé. Àwọn tó báni jókòó ńkọ́? Ènìyàn márùn-ún lè wà nínú yàrá kan kí wọ́n máa gbọ́ orin márùn-ún. Ọmọ ń mi orí, bàbá kò mọ ohun tó ń mì í. Nígbà àpótí onígi, bí ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ bá wà nínú àwo, bàbá á gbọ́ ọ, á sì bínú. A kò sọ pé kí àwọn òbí máa gba fóònù ọmọ yẹ̀ wò bí ọlọ́pàá. A ń sọ pé ìbínú yẹn gan-an, pẹ̀lú bó ṣe le tó, ọ̀rọ̀ sísọ ló jẹ́ láàárín bàbá àti ọmọ.

Orin fúnra rẹ̀ ti mọ̀ pé ilé tuntun ni òun ń gbé. Spotify ṣí ilẹ̀kùn ní orílẹ̀-èdè wa ní oṣù Kejì 2021. Kí ó tó ka gbígbọ́ kan sí olórin lọ́rùn, olùgbọ́ gbọ́dọ̀ dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá. Hárúnà kò tíì kí Ọlọ́hun tán ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá! Olórin òní gbọ́dọ̀ ti dé àárín ọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ìyẹn ni ìdáhùn tí a ní fún àgbà tó bá ní àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní sùúrù: ìṣẹ́jú mẹ́ta ti kọ́kọ́ gé orin àwọn bàbá wa kúrú, kí elépè tó nà án. Ohùn ìlù ni ó dùn wá jù. Gbohùngbohùn kékeré inú fóònù kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ ìlù jáde; tín-ín-tín òkè nìkan ló ń dún. Ìlù tí a kò gbọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀ yé ènìyàn, torí pé láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Ọmọ tó dàgbà lórí irú ohùn yẹn yóò gbà pé ariwo lásán ni ìlù, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Síbẹ̀, ohùn wàláà kò kú. Ẹ fetí sí Asake, ẹ fetí sí Seyi Vibez, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ohùn, tó ń gbọ̀n, tó ń sọ̀: wéré ni. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń jó sí i kò mọ̀ pé ohùn tó ń jí ìyá ìyá wọn ní sààrì ni. Ní ti sààrì fúnra rẹ̀, olúkúlùkù ti ń yí aago fóònù tirẹ̀ sí aago mẹ́rin. Àdúgbò tí oníwéré ṣì ń kọjá ti di díẹ̀. Bí bátìrì ẹnì kan bá kú lóru, yóò sùn títí ìpè Asùbáà, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ pé kò jí.

Ní Ràmàdáànì tó kọjá, a ní kí àwọn ọmọ ilé kéwú wa lọ bèèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà ilé wọn irú orin tó máa ń jí i ní sààrì. Púpọ̀ mú ọ̀rọ̀ wá. Ọmọbìnrin kan mú fóònù wá. Ó ti gba ohùn ìyá bàbá rẹ̀ sínú rẹ̀. Wákà ni màmá náà kọ, èyí tí wọ́n fi pàdé bàbá tirẹ̀ nígbà tó ti Mẹ́kà dé. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ohùn rẹ̀ sì ti ń rẹ̀. Fóònù náà kò lè sọ̀rọ̀ sókè, nítorí náà àwọn ọmọ fi wàláà wọn sílẹ̀, wọ́n kóra jọ yí i ká, orí kan orí, wọ́n dákẹ́. Màmá dárúkọ bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọbìnrin náà ní òun kò gbọ́ orúkọ yẹn rí tẹ́lẹ̀ nínú ilé àwọn. Ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní òun kò gbọ́ ìparí rẹ̀ dáadáa, kí a tún un gbé, a sì tún un gbé kí a tó padà sídìí kéwú.